Ọmọrógùn Kan, Ọmọ Mẹ́fà: Àkọsílẹ̀ Ìjà Kan ní Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní apá nítorí ọmọrógùn. Àpá eyín hàn lára ọmọ náà títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n awọ kò bó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Òkúdù ni, aago 10 àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, kálukú wà nídìí eré tó wù ú. Kí ìwé yìí má bàa tú àṣírí ọmọ ẹnikẹ́ni, oríkì lásán ni a ó máa fi pè wọ́n, kì í sì í ṣe oríkì wọn gan-an. Àjàní ni ẹni tó gé ni jẹ, ọmọ ọdún 4 àti oṣù 2. Àkànkẹ́ ni ẹni tí a gé jẹ, ó fi oṣù mẹ́ta ju Àjàní lọ. Àlàó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 5, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àdùkẹ́ kò tíì pé ọdún 4, kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ọmọ 22 ló wà ní kíláàsì náà, olùkọ́ kan àti olùrànlọ́wọ́ kan ló ń mójú tó wọn. Iye yìí kò kọjá ọmọ 25 sí olùkọ́ kan tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà là sílẹ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí náà a kò lè di ẹ̀bi ru èrò. Igun kan wà nínú yàrá náà tí àwọn ọmọ ń pè ní ilé ọlọ́kà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní ìlú tí oríkì rẹ̀ ti ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ yangan. Sítóòfù oníke 1, ìkòkò 2, abọ́ 4, ṣíbí 3, àti ọmọrógùn kékeré 1 tí káfíńtà gbẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọ 6 ló máa ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá sì mọ ilé ọlọ́kà mọ̀ pé ẹni tí ọmọrógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Àwọn tó kù, oníbàárà ni wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ rèé, nítorí pé ibi tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ibi tí ojú kọ́kọ́ ń lọ. Ọwọ́ Àkànkẹ́ ni ọmọrógùn wà, ó ń ro ọkà rẹ̀. Àjàní dé, ó na ọwọ́ sí i. Àkànkẹ́ fà á sẹ́yìn. Olùkọ́, tó jókòó ti ọmọ mìíràn níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán, pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Share! Share!" Àkànkẹ́ kò dá a lóhùn. Olùkọ́ dìde, ó gba ọmọrógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé Àjàní lọ́wọ́: "Ó yá, jẹ́ kí òun náà ṣe é." Àkànkẹ́ sunkún díẹ̀, ó dákẹ́. Àjàní rokà fún bí ìṣẹ́jú méjì. Àkànkẹ́ padà wá, ó di ìdí ọmọrógùn mú. Olùkọ́ tún pariwo: "Àjàní, share!" Bí Àjàní ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló ki eyín bọ apá Àkànkẹ́.

Ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ni Àjàní ti fojú ara rẹ̀ rí ìtumọ̀ "share". Àgbà kan á wá, á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, á gbé e fún ẹlòmíràn, kò sì ní í sọ ìgbà tó máa padà. Ọmọ tó ti rí èyí, tó wá gbọ́ pé ó kan òun, kò ya òǹrorò bó bá jà. Ohun tó mọ̀ pé ó ń lọ ló ń gbèjà. A kò sọ pé kí ọmọ máa gé ni jẹ dára o. À ń sọ pé bí a bá fẹ́ kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ̀kọ́ tí ìṣẹ́jú méjì yẹn kọ́ ọ ni ká kọ́kọ́ tú palẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú ohun mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń pariwo "share", èyí tí a ti sọ. Wọ́n ń gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù: ìjà á parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ á kọ́ ni pé bí òun kò bá rí i lò, kí òun rí i pé ẹnikẹ́ni kò lò ó. Wọ́n sì ń fi dandan mú ọmọ kó tẹrí ba, kó sọ pé "sọ́rì", tí á sọ ọ́ bí ẹni tó ń tutọ́. Kò sí èyí tó dín ìjà kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Eré àfarawé ni wọ́n wá yàn lẹ́yìn ìjà náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọlọ́kà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ 5. Ó pín ojú ìwé kan sí mẹ́rin: ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ẹni tó kọ́kọ́ mú un, ohun tí ẹnìkejì ń fẹ́ gan-an, àti bó ṣe parí. Apá kẹta ni ìwúlò ìwé náà wà, òun náà ló sì le jù láti kọ, nítorí pé ojú kì í rí i bí ènìyàn bá ń sáré lọ làjà. Ó ní láti dákẹ́ kó wò ó dáadáa: ṣé ọmọ yìí fẹ́ gba nǹkan náà pátápátá ni, ṣé ó kàn fẹ́ lò ó díẹ̀ kó dá a padà, àbí ó fẹ́ kí àwọn jọ ṣe é?

Ìwé náà fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí hàn. Àjàní kì í jà lórí oúnjẹ. Bí aago 11 bá lù tí wọ́n bá gbé oúnjẹ jáde, òun ló máa ń bu búrẹ́dì rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọmọ tí gbogbo kíláàsì ti sọ di ahun! Orí ohun tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ṣeé bù, ni gbogbo ìjà rẹ̀ wà: ọmọrógùn, ìkòkò ńlá, ìjókòó ìdí fèrèsé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ohun tí olùkọ́ ń pè ní "share", ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni lẹ́nu Yorùbá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì rí bákan náà lọ́kàn ọmọ. Bí a bá pín àkàrà, èyí tó kúrò lọ́wọ́ mi kò ní í padà mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kù sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá yá ọ ní asẹ́, gbogbo rẹ̀ ló kúrò lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀. Bí a bá jọ gúnyán, kò sí ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá sì ń kàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èésú tàbí àáró, mo ní láti dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ní láti gbà pé á dé. Àjàní mọ pípín dáadáa, ìyá àgbà rẹ̀ ti fi kọ́ ọ nídìí abọ́ oúnjẹ. Yíyá ni kò mọ̀. Lójú rẹ̀, ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni ti lọ nìyẹn. A kì í rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí nínú ìwé ètò iṣẹ́ olùkọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó ṣáájú, kí ọmọ lè mọ èyí tí à ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Orí èyí ni wọ́n gbé eré náà kà. Eré àfarawé ni: kí ọmọ di ìyá ọlọ́kà, aládùúgbò, oníbàárà, kó sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó dà, kó sì ṣe ohun tí ẹni náà máa ń ṣe. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọmọ tí inú ti ń bí kò lè kọ́ ohunkóhun, àmọ́ bó bá jẹ́ pé "Ìyá Ọlọ́kà" ni wọ́n wá yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe òun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ tó láti gbìyànjú ohun tí kò tíì lè ṣe ní orúkọ ara rẹ̀. Ìgbà tí kò sí ìjà ni wọ́n máa ń ṣe é, aago 9 ààbọ̀ àárọ̀, kí ìgbà eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 ni, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ 6 ni lẹ́ẹ̀kan, àwọn 16 yòókù á wà lọ́dọ̀ olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá kó ọmọ 22 jọ sínú eré kan, àwùjọ òǹwòran ló kó jọ.

Ohun èlò kò ná wọn lówó púpọ̀. Wọ́n lo páálí ìńdómì méjì fún káńtà, agolo mílíìkì òfìfo fún kẹ́ẹ̀gì omi (wọ́n fi òkúta lu etí rẹ̀ wọnú, wọ́n sì fi téèpù dì í kó má gé ọmọ lọ́wọ́), asẹ́ kékeré kan, ike ọ̀dà kan fún odó, àti páálí líle tí wọ́n ká róbótó fún ọmọ odó méjì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ran bọ́tìnnì mọ́ di ọmọláńgidi.

Ọkà ìṣeré náà gba àlàyé díẹ̀. Ife fúláwà 2, ife iyọ̀ 1, ṣíbí òróró 1, àti omi tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, tí à ń dà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣù láìlẹ̀ mọ́ ọwọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lo láfún, kó lè jọ ọkà gidi. Láfún tútù kì í fà, wíwó ló ń wó. Fúláwà ló ní ohun tó ń dì í pọ̀. Iyọ̀ kò jẹ́ kó bu, ó sì tún ń jẹ́ kí ọmọ tó bá fi kan ahọ́n tètè tú u dànù, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn síbẹ̀, torí iyọ̀ púpọ̀ kò dára fún ọmọ kékeré. Bí a bá dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, á lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bó bá ń lẹ̀, fúláwà díẹ̀ ni ká wọ́n sí i.

Ọ̀sẹ̀ kìíní wà fún yíyá. Àgbà méjì ló kọ́kọ́ ṣe é níwájú àwọn ọmọ, pẹ̀lú ọmọláńgidi, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ́nà tí kò tọ́: Aládùúgbò wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó já ọmọrógùn gbà, ó lọ. Àwọn ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan náà. "Kò kí i!" "Kò tọrọ!" Àwọn ni wọ́n kọ́ ọmọláńgidi náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì sí àlàyé àgbà tó lè wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ gbà á ṣe. Ọ̀rọ̀ inú eré náà kò ju ìwọ̀nyí lọ, wọ́n sì ń tún un sọ títí tó fi mọ́ wọn lẹ́nu:

"Ìyá Ọlọ́kà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọmọrógùn yín."

"Mò ń lò ó lọ́wọ́. Bí mo bá rokà tán, màá pè yín." Tàbí: "Ẹ gbà. Ẹ bá mi dá a padà o."

"Mo ti lò ó tán. Ọmọrógùn yín rèé, ẹ ṣeun."

Ìlà kẹta yẹn ni orí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń ṣe irú eré yìí máa ń dúró níbi tí ọmọ bá ti fi nǹkan sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó tán. Wọ́n ti gé eré kù ní ìdajì nìyẹn. Dídápadà ni ohun tí Àjàní kò tíì rí rí, nítorí náà nínú eré kọ̀ọ̀kan ni ọmọrógùn ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àjàní ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe Ìyá Ọlọ́kà, ẹni tí à ń yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń gbà á padà. Wọn kò fi í ṣe aládùúgbò títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Ní ọjọ́ Ajé, ó dìde tẹ̀lé ọmọrógùn lọ sí ilé aládùúgbò, ó dúró tì í títí wọ́n fi lò ó tán. Ní Ọjọ́rú, ó jókòó, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń bu ọkà fún oníbàárà nígbà tí wọ́n dá a padà, ó ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ káńtà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kíkàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló nira jù. Dídúró le fún ọmọ ọdún mẹ́rin, torí kò mọ bí "láìpẹ́" ṣe gùn tó. Wọ́n fi ìgò oníke kéékèèké méjì ṣe ohun tó ń ṣọ́ àkókò. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn síra wọn, wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu wọ́n já láàárín, wọ́n da yanrìn tí wọ́n ti sẹ́ sínú ìgò kan, wọ́n sì dé e. Yanrìn ni wọ́n ń bù kún tàbí bù kúrò títí á fi gba ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣàn tán. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, yanrìn mu omi inú afẹ́fẹ́, ó dì sẹ́nu ihò, Àlàó sì ro ọkà fún ìṣẹ́jú méje nígbà tí àwọn yòókù ń wo ìgò. Ẹni tó bá máa ṣe é lásìkò òjò gbọ́dọ̀ yan yanrìn náà nínú agbada títí á fi gbẹ wá, kó jẹ́ kó tutù, kó tó dà á sínú ìgò, kó sì fi téèpù dí ojú ìdérí. Kí ó má sì fi ìgò náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé kí àkókò tiwọn lè gùn.

Ohun tó wá yanjú dídúró kì í ṣe ìgò rárá. Ìdí bọ́hóòlù ni wọ́n ti mú un wá. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ti bá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ìdí omi, wọ́n sì ti rí i pé kẹ́ẹ̀gì ló máa ń tò, ènìyàn lè lọ jókòó sábẹ́ igi kó máa tàkúrọ̀sọ, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló ń dúró dè é. Nítorí náà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agolo tirẹ̀ pẹ̀lú àmì lára. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọrógùn á gbé agolo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ti ẹni tó ṣáájú, á lọ ṣeré. Bí ó bá kàn án, ẹni tó lò ó tán á gbé agolo náà, á mú un lọ pè é. Ara kì í ni ọmọ mọ́, torí pé kò dúró sójú kan. Ó sì ń rí i kedere pé àyè òun kò bọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ló kọ́kọ́ jáde kúrò nínú eré tó sì wọ ìgbà eré gan-an láìjẹ́ pé àgbà dá sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n jọ gúnyán. Odó kan, ọmọ odó méjì, ọmọ méjì dojú kọ ara wọn: bí tìrẹ bá ń lọ sókè, tèmi á wá sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, ọmọ odó á kọlu ara wọn, iyán á dúró. Bí wọ́n bá gún tán, àwọn méjèèjì á pín in sí abọ́ méjì. Ìwádìí kan tí Katharina Hamann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2011, fi hàn pé ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń pín èrè dọ́gba sí i bó bá jẹ́ pé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló jọ ṣiṣẹ́ fún un ju bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn bá a nílẹ̀. Èyí kò ní í ya ẹni tó ti bá wọn ṣe àáró lóko lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, pípín, kò gba wàhálà; wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀ o. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Àjàní ń ṣe oníbàárà, agolo rẹ̀ wà ní ìlà, ó ń ṣe dáadáa, ni olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ láàárín eré pé, "Àjàní, ṣé o rí i báyìí? Ṣé kò dáa ju kéèyàn máa gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ?" Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó kúrò nínú eré, ó lọ jókòó sábẹ́ tábìlì, kò sì jáde títí wọ́n fi ṣe tán. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó bọ́ aṣọ eré lára rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tàbí oríkì ọmọ kì í wọ inú eré. Bákan náà ni a kì í fi ọmọ tó gé ni jẹ ṣe ẹni burúkú inú eré, bó ti wù kó tọrọ ipò náà tó. Ọmọláńgidi ni kó máa já nǹkan gbà. Ìbọ̀sẹ̀ kò ní ìtìjú.

Ipò Ìyá Ọlọ́kà gan-an tún di ohun tí wọ́n ń jà sí. Wọ́n ní láti máa fa ipò látinú àpò: ẹni tó bá fa bọ́tìnnì pupa ló ń rokà, eré kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó tún un fà.

Àlàó kọ́ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ṣàkíyèsí pé "ẹ yá mi" lágbára, ó sì sọ ọ́ di ọfọ̀: á sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti dé ibẹ̀ kí ẹnìkejì tó yanu. Bí a bá kọ́ ọmọ ní títọrọ láìkọ́ àwọn yòókù pé wọ́n lè sọ pé ó di ìgbà díẹ̀, apá kan ọ̀rọ̀ la kọ́. Ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́ ni èyí ti hàn jù. Àdùkẹ́ kì í jà. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹnìkan bá ti wò ó lójú, ó ti gbé e fún un, àwọn olùkọ́ sì ti ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ọmọ rere fún Àjàní. Ìwé olùrànlọ́wọ́ fi hàn pé kò ro ọkà kankan láàárín ọjọ́ 5 yẹn. Àdùkẹ́ nílò eré yìí bí Àjàní ṣe nílò rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó nílò rẹ̀ jù ú lọ. Òun àti olùrànlọ́wọ́ fi ọmọláńgidi dánra wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Mi ò tíì lò ó tán." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́ kó tó kúrò ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọjọ́ tó sọ ọ́ sí Àlàó lójú, Àlàó kò rí èsì fọ̀.

Wọn kò fún ọmọ kankan ní súìtì tàbí bisikíìtì nítorí pé ó yá ni ní nǹkan. Nadia Chernyak àti Tamar Kushnir fi hàn nínú ìwádìí wọn ní 2013 pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí a jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn láti fi nǹkan sílẹ̀ ló tún ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn náà ju àwọn tí a pàṣẹ fún lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni olùkọ́ ń sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: "O yá a ní ọmọrógùn, ó ti rokà rẹ̀ tán."

Nígbà eré gan-an, òfin kan yí padà, àwa sì gbà pé bí wọn kò bá yí i padà ni, gbogbo eré ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn á di asán. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa wà títí á fi lò ó tán. Àgbà kì í gbà á fún ẹlòmíràn mọ́. Bí ẹnìkan bá já a gbà, àgbà á di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́, á dá nǹkan padà fún ẹni tó ni ín lọ́wọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó já a gbà: "Ẹ yá..." Á wá dákẹ́, á ka ení dé ẹ̀wá nínú ara rẹ̀. Dídákẹ́ yẹn ṣòro fún àgbà ju fún ọmọ lọ.

Àkànkẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ìgbàgbé. Gbogbo ojú wà lára ẹni tó gé ni jẹ, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i títí di àárín ọ̀sẹ̀ kejì pé ẹni tí wọ́n gé jẹ kò tẹ ilé ọlọ́kà mọ́. Ìwé kò ní àyè fún ẹni tí kò wá, àléébù gidi ni. Wọ́n fi í ṣe Ìyá Ọlọ́kà lọ́jọ́ tí Àjàní kò sí nínú ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà lọ́jọ́ tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà kẹta. Kò bá Àjàní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó bu ọkà fún un.

Nílé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Àjàní ń gbé. Nígbà tí olùkọ́ lọ kí wọn, ọ̀rọ̀ tí màmá fi pàdé rẹ̀ ni pé, "Àǹtí, ọmọ mi kì í ṣe ahun o." Olùkọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, a ti rí i. Búrẹ́dì rẹ̀ kì í kù sí i lọ́wọ́." Ara màmá wálẹ̀, wọ́n sì sọ bí ilé ṣe rí láìjẹ́ pé a bi wọ́n: bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bá wá láti Ìlọrin, ohun ìṣeré Àjàní ni wọ́n máa ń fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, "ó ṣáà jù wọ́n lọ." Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti bá wọn lọ, mọ́tò onírọ́bà rẹ̀ ti bá wọn lọ. Olùkọ́ kò bá wọn jiyàn lórí ohun tó yẹ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá mú nǹkan rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó padà lójú rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú." Màmá ronú, wọ́n sì fi tiwọn kún un, èyí tí kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni: bí àwọn bá yá asẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, Àjàní ni àwọn á máa rán láti lọ dá a padà. Ọmọ tó ń gbé asẹ́ lọ dá padà fún olóhun ń kọ́ yíyá láti òdìkejì rẹ̀. A ti fi í kún ètò náà.

Ìbéèrè tí àwọn òbí sábà máa ń bi ni pé kí ló dé tí wọn kò kàn ra ọmọrógùn mẹ́ta sí i. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Láti 1932 ni Mildred Parten, olùwádìí nípa eré ọmọdé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ kékeré máa ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó máa bá ara wọn ṣe é, ẹni tó bá sì fi ohun ẹyọ kan síwájú wọn ló dá ìjà sílẹ̀. Fún ọdún 4 sókè, kí ṣíbí àti abọ́ pọ̀, kí ọmọrógùn jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá ti di mẹ́ta, kò sí ohun tí wọ́n máa fi kọ́ títò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, olùrànlọ́wọ́ tún jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 5. Kò sí ọmọ tó gé ẹnikẹ́ni jẹ. Jíjágbà ṣì wà, pàápàá bí aago 11 bá ń súnmọ́ tí ebi ti ń pa wọ́n. Àjàní tọrọ ọmọrógùn, ó yá ni, ó sì kọ̀ nígbà mìíràn pẹ̀lú "mi ò tíì lò ó tán", èyí tí wọ́n kọ sí ìhà rere. Mọ́tò tó gbé wá láti ilé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, wọn kò sì bá a jà sí i.

Lọ́jọ́ karùn-ún, agolo mẹ́rin ló tò síwájú ilé ọlọ́kà, kò sì sí àgbà nítòsí. Ti Àjàní ló ṣìkejì. Ó wà nídìí búlọ́ọ̀kù, ó ti gbàgbé. Àlàó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti agolo Àjàní sẹ́yìn tirẹ̀. Àdùkẹ́, tó ń ro ọkà lọ́wọ́, rí i. Ó gbé ọmọrógùn sílẹ̀, ó dá agolo náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì tún gbé ọmọrógùn rẹ̀. Ohun tí olùrànlọ́wọ́ kọ sí ojú ìwé náà kẹ́yìn ni pé ọkà Àdùkẹ́ kò tíì jinná.